Ìṣẹ́ àti Máàkì Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì

Bí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé olódo ni, tàbí pé kò kọbi ara sí ìwé rẹ̀. Èmi tí mo máa ń tọ́ wọn sọ́nà ní wọ́ọ̀dù gbà pé ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú: ta ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti pé ìgbà wo ló ń sùn?

Ẹ̀kọ́ yìí kò dà bí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn. Òfin Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, fún àpẹẹrẹ, béèrè wákàtí 4,600 ó kéré tán, ó sì ní ìdajì rẹ̀, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn. Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn lè da ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ bí iṣẹ́ ajé kò bá jẹ́ kó wá sí kíláàsì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè báni ṣe wákàtí wọ́ọ̀dù. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lólùrànlọ́wọ́ yóò fi ẹsẹ̀ dúró ní ilé ìwòsàn láti àárọ̀ láìgba owó, yóò sì gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ tí wọ́n ti ń sanwó fún un. Inú oorun rẹ̀ ni yóò ti yọ àkókò tó fẹ́ fi kàwé.

Ẹ wo ìṣirò oògùn. Dókítà kọ mílígíráàmù 375, mílígíráàmù 250 ló wà nínú mílílítà 5 oògùn olómi náà, mílílítà 7.5 ni ìdáhùn. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìṣirò yìí dunjú, tó wo ara ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì kọ 75 sílẹ̀, nítorí pé oorun kò jẹ́ kó rí i pé òun ti fo àmì tín-ín-rín tó yẹ kó wà láàárín 7 àti 5. Nínú ìdánwò, òdo nìyẹn. (Ní wọ́ọ̀dù, ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó dúró tì í.)

Ti ilé tún wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 àwọn nọ́ọ̀sì àgbáyé ló jẹ́ obìnrin, a sì máa ń rí abiyamọ láàárín àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ kí ibi tí wọ́n ti ń báni tọ́jú ọmọ tó ṣí, tí rósítà, ìyẹn ìwé tó ń sọ àkókò iṣẹ́ oníkálukú, sì jáde nígbà tí ọ̀sẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀, yóò pẹ́ẹ́ dé, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé aláìbìkítà ni. Ẹni tó jẹ́ pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó kàwé dé ibẹ̀ nínú ẹbí rẹ̀ kì í sì í mọ̀ pé èèyàn lè tọrọ àfikún ọjọ́ láti fi parí iṣẹ́ tí wọ́n fún un.

Àwọn kan ní ìyà ló ń sọ nọ́ọ̀sì di akíkanjú. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ìyà náà lé kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́ láti sọ tiwọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé owó ìrànwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tuntun ní 2017, wọ́n ní kí wọ́n máa yáwó; ní 2020, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn ní owó tí wọn kò ní dá padà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ ṣì lè tètè gbé rósítà jáde, kó sì yọ̀ǹda kí àwọn tó ń tọ́mọ yan àkókò iṣẹ́ tí agbára wọn ká.