Ẹsẹ̀ ni táígà fi ń jà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kung fu,

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ Hung Gar, ẹ̀yà kung fu kan láti gúúsù Ṣáínà, ní ìlú Guangzhou, táígà nìkan ló wù mí. Mo máa ń ká ìka bí èékánná, màá fajú ro, màá bú ramúramù. Olùkọ́ wa wò mí títí, ó ní kí n lọ dúró bí ẹni tó gun ẹṣin: itan nílẹ̀, ẹ̀yìn nàró. N kò tíì ka ọgọ́ta tí ẹsẹ̀ fi ń gbọ̀n. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wà lórí ẹṣin yẹn, inú sì ń bí mi.

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ibẹ̀ gan-an ni táígà wà. Ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń wá, á gba ìbàdí àti ẹ̀yìn kó tó dé ọwọ́.

Ẹranko márùn-ún ni wọ́n sábà ń kà ní gúúsù Ṣáínà: táígà, ẹkùn, ejò, drágónì, àti agúfọn funfun, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ga ju lékeléke lọ fíìfíì. Àwa máa ń pe táígà ní ẹkùn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni méjèèjì lọ́hùn-ún. Táígà ń fi ìwúwo ara tẹni mọ́lẹ̀; ìyára ni ti ẹkùn, oríkèé ìka tí a ká ní ìdajì ló fi ń gbáni. Ẹ wo drágónì: kò sí igbó tí ẹnikẹ́ni ti rí i rí, síbẹ̀ wọ́n ń fi kọ́ni bí ìbàdí ṣe ń yí. Ta ló fẹ́ sín in jẹ?

Ìlera náà wà nínú fífara wé ẹranko. Hua Tuo, oníṣègùn ará Ṣáínà tó kú ní nǹkan bí ọdún 208, kọ́ Wu Pu, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ní ìṣesí táígà, àgbọ̀nrín, béárì, ọ̀bọ àti ẹyẹ. Ó ní ibi tí ilẹ̀kùn fi ń yí kì í jẹrà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Wu Pu lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, eyín rẹ̀ sì pé.

Agúfọn ni mo fojú di jù, ó sì ń dùn mí títí dòní. Nínú Hung Gar, ọ̀wọ́ ìgbésẹ̀ kan wà tó so ó pọ̀ mọ́ táígà. Òun ni wọ́n mọ Wong Fei-hung, gbajúmọ̀ ọ̀gá Hung Gar ará Foshan, mọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí èmi àti ọmọbìnrin kan tí kò tó mi ní ìdajì jọ jà. Mo fi gbogbo ara ju èékánná. Kò dènà rẹ̀. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọrùn ọwọ́ gbá tèmi kọjá. Nígbà tí màá fi mọ̀, ìka rẹ̀ márààrún ti pé jọ bí àgógó ẹyẹ, ó dá wọn dúró síwájú ojú mi, orí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì dúró lé.