Ìdáríjì Ló Kọ́kọ́ Dé, Kí Ìwòsàn Tó Dé

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ tún bá mi yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé mi wọ ilé ìwòsàn yóò mọ̀ pé Ọlọ́run ló ní kí n ṣì wà. Inú rírun lásán la pè é, àṣé ìfun ló ti lu. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú ọgbẹ́ kọ̀, kò jinná, wọ́n tún un ṣe. Ara mi ti ń le báyìí, ògo ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ara líle nìkan kọ́ ló gbé mi dìde láti wá dúpẹ́.

Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ tí kò lè dá yí ẹ̀gbẹ́ padà, gbogbo ohun tó ti ṣe látẹ̀yìn a máa wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, bí olówó tó wá sin gbèsè. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run tipẹ́. Mo ti bẹ ẹni tí mo ṣẹ̀, òun náà sì ti ní ó tán. N kò ní dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà níbí, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀rí tó bá pẹ́ jù lórí ẹ̀ṣẹ̀ kì í ráyè dé ọ̀dọ̀ Jésù mọ́. Ṣùgbọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, àfi bíi pé àná ni mo dá a.

Arákùnrin kan tó wá kí mi ló wá bá mi fi kún un. Ó gbàdúrà tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní, "Arábìnrin, ẹ yẹ ara yín wò o. Irú àìsàn báyìí kì í ṣàdédé wá." Mo gbà pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ojú ọgbẹ́ bá ti ta mí, ohun tí mò ń gbọ́ ni pé ẹ̀san ni. Ikú gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Kí n kú tán kí n lọ bá Ọlọ́run tó di ojú mọ́ mi, èyí ni kò jẹ́ kí n sùn. Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé ìrora ni, wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́.

Ìyá àgbà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tèmi. Lóru, ìyá yóò fa aṣọ ìbora borí, yóò tan iná fóònù sábẹ́ rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì má baà bá a wí, yóò sì máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú Bíbélì rẹ̀ lọ níkọ̀ọ̀kan. Àwọn Orin Ìgòkè ló ń kà, Sáàmù 120 títí dé 134. Ó ní wọ́n kúrú, wọn kì í jẹ́ kí ojú ro òun. Lóru ọjọ́ kan ó kan Sáàmù 130: "Olúwa, ìbáṣepé kí ìwọ kí ó máa sàmì ẹ̀ṣẹ̀, Olúwa, ta ni ìbá dúró?" Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ. Ó ní, "Èmi kọ́ o, Bàbá mi. Èmi ò lè dúró." Ó wá kà á lọ: "Ṣùgbọ́n ìdáríjì wà lọ́dọ̀ rẹ, kí a lè máa bẹ̀rù rẹ."

Mo mọ ẹsẹ yẹn lórí. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Òru yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ta ni ìbá dúró? Èmi, ìyá, arákùnrin tó wá kí mi, dókítà tó ń sáré kiri, gbogbo wa la jọ wà ní ìdùbúlẹ̀. Mo sunkún títí irọ̀rí mi fi rin.

Ilẹ̀ mọ́, mo ní kí ọkọ mi ka Máàkù orí 2 fún mi. Ní Kápánáúmù, ènìyàn mẹ́rin gbé arọ kan wá, wọ́n dá òrùlé lu kí wọ́n lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síwájú Jésù. Gbogbo ilé ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Jésù ní, "Ọmọ, a dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jì ọ́." Ọkùnrin yẹn ṣì wà lórí àkéte o! Kò tíì mira, àwọn akọ̀wé ti ń rò ó nínú pé ọ̀rọ̀ òdì ni. Ẹ wò ó, a dárí ji ènìyàn tán, kò sì tíì lè rìn. Èmi tí rọ́bà wà nímú mi, mo ní kí ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó ka Jòhánù orí 9, níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti béèrè ẹni tó ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, tí Jésù sì ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ kì í ní àbájáde. Mo kàn ní kí á yé fi ẹnu wa kọ ìwé ẹjọ́ tí Ọlọ́run kò kọ.

Ojú ń tì mí díẹ̀ pé olùkọ́ni ni mí, ohun tí mò ń kọ́ ọmọdé sì ń jìnnà sí mi. Pásítọ̀ wa ló tù mí nínú. Ó ní John Wesley, oníwàásù tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ti di àlùfáà láti ọdún 1728, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1738, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gbọ́ tí wọ́n ń fi Sáàmù 130 yìí kan náà kọrin ní kàtídírà St Paul's lọ́sàn-án. Alẹ́ ọjọ́ náà, nínú ìpàdé kan ní Aldersgate Street, ló tó dá a lójú pé Kristi ti kó ẹ̀ṣẹ̀ òun lọ, àní ti òun. Ọdún mẹ́wàá lórí pẹpẹ!

Ibà mi kò lọ lóru ìyá àgbà yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó tún mi gbé lọ fún iṣẹ́ abẹ kejì. Ṣùgbọ́n mo sùn kí wọ́n tó wá gbé mi, oorun àsùnhanrun, láìgba abẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé n kò jí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá tó ti dárí jì mí ni mò ń lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin tí ẹ gbààwẹ̀ nítorí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ lọ sílé ṣáájú mi. Àyẹ̀wò kan ṣì kù tí mo fẹ́ lọ ṣe, ẹ máa rántí mi nínú àdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé orin ọpẹ́.