Ẹ Dìde Lórí Orúnkún: Bó Ṣe Yẹ Ká Kọ́ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Mòòkùn

Bí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní mímòòkùn pẹ̀lú sílíńdà afẹ́fẹ́ níbí ní Ìlú Ọba, orúnkún akẹ́kọ̀ọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Tí gbogbo wọn bá kúnlẹ̀ sísàlẹ̀ omi bí ìjọ tó ń gbàdúrà, ó rọ olùkọ́ lọ́rùn lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́, ó sì le. Ní Stoney Cove, Leicestershire, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta rí kí omi tó gbà á, ẹrẹ̀ ló ń dúró dè yín. Kí orúnkún ẹnì kan kàn án báyìí, omi dàrú nìyẹn.

Lójú tèmi, dídúró láàárín omi, láìrì, láìfò sókè, ló yẹ kó ṣíwájú. Mímí ló pọ̀ jù nínú ẹ̀: ẹ fa èémí sínú, ẹ ó gòkè díẹ̀; ẹ mí i síta, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀. Olùkọ́ tó ń kánjú á so òjé rẹpẹtẹ mọ́ yín níbàdí kẹ́ ẹ lè tètè rì, ẹ ó wá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì tó ń múni léfòó láti fi gbé òjé tí ẹ ò nílò.

Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí ẹ bá wọ omi: ẹ má ṣe sé èémí láé. Láti òkè omi dé mítà 10, agbára tí ń tẹni di ìlọ́po méjì. Láti 10 dé 20, ìdajì péré ló fi lé sí i. Ibi tí kò jìn gan-an ni afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ti ń wú kíákíá jù téèyàn bá ń gòkè, ó sì lè ya á. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé adágún ìlúwẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi eré.

Ti etí tí omi ń tẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Ẹ di imú, ẹ fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ kó tó dùn yín, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti dùn.

Ètò PADI, àjọ tó ń fún àwọn amòòkùn níwèé ẹ̀rí, fún ẹni tuntun ní ìgbà 4 nínú omi gbangba, kò sì kọjá mítà 18. Èyí dáa. Fífún un pọ̀ mọ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fẹ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni yóò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan? Bí mi ò bá sì tíì mọ̀ ọ́n ṣe lọ́jọ́ Sunday, ṣé mo tún máa sanwó ni?