Ilé Àgùdà tó ń di ọ́fíìsì

Iṣẹ́ wáyà ló gbé mi dé Pópó Àgùdà l'Ékòó láàárọ̀ yìí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí àwọn tó ti Brazil dé kọ́ ni, kọ́ńpìnì kan fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé wọn á ti wó o, àmọ́ wọn ò fọwọ́ kan iwájú ilé yẹn rárá!

Bàbá bíríkìlà kan wà níbẹ̀, ọ̀bẹ kékeré ni wọ́n fi ń ha ọ̀dà kúrò lára òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe sórí wíńdò, búlúù ń ṣí, àwọ̀ ewé ń yọ lábẹ́ ẹ̀, pupa rúsúrúsú tún wà nísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀. Bí mo ṣe gbé dríìlì, wọ́n ní "Rọra o ọmọ mi, má dá ihò sára ògiri yìí, gba abẹ́ pákó lọ." Abẹ́ pákó náà la gbé gbogbo wáyà gbà.

Inú mi dùn gan-an, torí ọ̀rọ̀ Ilojo Bar, ilé Àgùdà àtijọ́ kan ní Tinubu l'Ékòó, ṣì ń dùn mí, ìjọba ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ ti rí ilé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe báyìí ládùúgbò yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò ẹ̀ hàn mí.