Ẹ bá mi jó, àpótí mi ti dúró

Géèmù kan ni mò ń kọ kóòdù rẹ̀, ẹ má bi mí bó ṣe ń lọ. Àpótí kan ṣoṣo ni mo ní kó ṣubú o. Onígun mẹ́rin tó dọ́gba, wọ́n á tì í lókè, á rọra dojú dé. Torque rẹ̀, ìyẹn agbára tó ń yí nǹkan po, ò le rárá, ẹ wo bí ibi tẹ́ ẹ ti tì í ṣe jìnnà sí àárín rẹ̀, rx lọ́nà Fy, ẹ yọ ry lọ́nà Fx kúrò (r ni jíjìnnà yẹn, F ni agbára tẹ́ ẹ fi tì í, x ni ti ẹ̀gbẹ́, y ni ti òkè àti ìsàlẹ̀), ó tán. Èmi náà ní ó tán.

Mo tì í pẹ́rẹ́, àpótí di fáànù! Mo ní ẹni tó ní kí y máa lọ sísàlẹ̀ lórí skríìnì ló fà á, mo bú u dáadáa, mo fi minus kan síwájú torque. Ó ṣì ń yí wìì, ó kàn kọjú sí òdìkejì ni.

Lọgbọ́n bá dé, ẹ jẹ́ ká ṣì máa pè é lọ́gbọ́n. Mo ṣòfin fún un: o ò gbọdọ̀ yí ju digirí 90 lọ ní fíréèmù kan, ìyẹn àwòrán kan nínú àwọn tí skríìnì ń yára pààrọ̀. Àpótí dúró gbọnin! Mo fò sókè, mo jó yí àga po, mo pariwo pe àbúrò mi kó wá wo iṣẹ́ ọpọlọ.

Ó wò ó títí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kun igun kan ní pupa ná." Mo kùn ún. Yéè! Pupa yẹn ń sáré kiri igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni tí oyin ń lé. Fíréèmù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 90 lórí 90, ìgbà 15 ló ń yí po kí n tó ṣẹ́jú, igun kan ń kúrò òmíràn ń bọ́ sípò ẹ̀, èmi wá ń jó fún un pé ó dúró.

Moment of inertia ló fà á o, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń ṣorí kunkun sí yíyí. Mo ti kọ 1 síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé màá padà wá tún un ṣe. Àpótí tó wúwo tó 6, tẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ jẹ́ 100: 100 lọ́nà 100, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 6, ẹ pín in sí ọ̀nà 12. 10,000! Èmi fi 1 sí i, ṣé orí mi wá pé pérépéré báyìí?

Mo tún un ṣe, mo tì í sápá ọ̀tún, ó rọra yí... wá sọ́dọ̀ ẹni tó tì í. Minus ìjọ́sí ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tì í, ó ń bọ̀ wá dì mọ́ yín. Àbúrò mi ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé òun nìkan ló ṣì fẹ́ràn mi nínú gbogbo kóòdù yẹn.