Kó O Tó Sọ Ọ́ Fún Mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, iṣẹ́ ni, sẹ́mẹ́sítà yìí ò jẹ́ kí n mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé kánsẹ́lọ̀ ni mí nílé ìwé gíga kan ní agbègbè Ifẹ̀ yìí, ẹ má bi mí èwo, ọ́fíìsì mi ò fi bẹ́ẹ̀ ju kíṣìnnì ìyá mi lọ, fáànù kan, àga mẹ́ta, tíṣù lórí tábìlì, àti fèrèsé tó kọjú síbi táwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, tí mo ti fi kọ́tìnì tó nípọn dí pa.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni mo gbé wá lónìí, ohun tí mo lè pa mọ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá bá mi àtohun tí mi ò lè pa mọ́. Kí n yáa sọ ọ́ ṣáájú: gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá mẹ́nu bà níbí, mo ti pò wọ́n pọ̀, mo ti yí ẹ̀ka wọn padà, níbòmíì mo ti sọ obìnrin di ọkùnrin. Tó o bá rò pé o mọ ẹni tí mò ń sọ, o ò mọ̀ ọ́n.

Ìjókòó àkọ́kọ́ láàárín èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ la máa ń pè ní intake. Ìṣẹ́jú 45 sí 50. Fọ́ọ̀mù kan wà, orúkọ, nọ́ńbà matric, level, ta ló ní kó o wá, ṣé ò ń lo oògùn kankan, ta la lè pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà màá bi í kí ló gbé e wá, báwo ló ṣe ń sùn, ṣó ń jẹun, ta ló ń bá gbé, ṣó ń mutí àbí ó ń fa nǹkan, ṣó ti rò ó rí pé kóun kú. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ò ju agbára mi lọ, tàbí ti dókítà ni.

Ní Yorùbá olùdámọ̀ràn lẹ máa pè mí, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí ìmọ̀ràn lọ́mọ náà rò pé òun wá gbà, á jókòó, á tẹrí ba, á máa dúró kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bá òun wí bí ìyá ìjọ. Àwọn kan á tiẹ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wo ibi tíṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ẹ ò ní dá wọn lẹ́bi, 1959 ni, ní St. Theresa's College ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn, àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ló ṣètò ẹ̀ káwọn ọmọbìnrin tó ń parí ìwé lè mọ irú iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ìmọ̀ràn ni lóòótọ́ nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi báyìí ti kọjá ìyẹn.

Ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, ọmọbìnrin kan wọlé. Ọmọ jẹ́jẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbá báàgì ẹ̀ mọ́yà látìgbà tó ti jókòó. Mo kó sínú ìbéèrè tààrà, mo fẹ́ fi hàn pé mo mọṣẹ́. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó sọ fún mi pé òun ti múra tán láti kú, pé ohun tóun máa lò ti wà nínú àpótí òun ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, pé ìdánwò lòun ń dúró kó parí. Ó sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń sọ pé òun ń lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó gbé báàgì yẹn sílẹ̀.

Mo ní, "Mi ò lè fi èyí pamọ́ o, mo ní láti pe ẹnì kan."

Ó wò mí. Ó mú báàgì ẹ̀ nílẹ̀, ó tún gbá a mọ́yà. "Ẹ ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ mà."

Ó wà láàyè o, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kó nǹkan náà kúrò nínú àpótí ẹ̀, ó parí ìwé ẹ̀. Àmọ́ kò tẹ ọ́fíìsì mi mọ́. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni mo ṣe, tí wọ́n bá tún un bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá màá tún pe dókítà, síbẹ̀ mo dalẹ̀ ọmọ yẹn, torí mo jẹ́ kó wọnú odò dé àyà kí n tó sọ fún un pé ibẹ̀ jìn.

Ohun tó tún mú un dùn mí ni pé wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún mi rí. 200 level ni mo wà, nílé ìwé tí mi ò ní dárúkọ, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, mi ò lè kàwé, mi ò lè sunkún. Mo lọ bá kánsẹ́lọ̀. Bàbá jẹ́jẹ́ kan ni, ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó ra mínírà fún mi, lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó rí oorun sùn. Àfi bí mo ṣe dé fellowship ní Sunday, àṣé bàbá yìí kan náà ni patron wa, ó ti sọ fún pásítọ̀, wọ́n ní kí n jáde síwájú, ẹ jẹ́ ká na ọwọ́ sí arábìnrin wa tí ẹ̀mí ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà. Gbogbo gbọ̀ngàn na ọwọ́ sí mi. Kò fẹ́ bà mí jẹ́ o, ó fẹ́ ire fún mi ni, àdúrà ni lójú tiẹ̀. Mi ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan mọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Torí náà mo yí i padà. Báyìí o, ká tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù rárá, màá pa fóònù mi, màá ní:

"Ohun tó o bá sọ níbí, ibí ló máa wà. Mi ò ní sọ fún HOD ẹ, mi ò ní sọ fún mọ́mì ẹ, mi ò ní sọ fún pásítọ̀ tàbí ìmáàmù. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí mi ò lè gbé mì. Tó o bá fẹ́ pa ara ẹ. Tó o bá fẹ́ ṣe ẹlòmíì léṣe. Tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé kan. Tí adájọ́ bá fìwé béèrè. Tó bá di bẹ́ẹ̀, ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni. O ti wá mọ̀ báyìí, sọ ìwọ̀n tó o bá fẹ́ sọ."

Màá wá ní kó fẹnu ara ẹ̀ tún un sọ fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, "yes mà" ọmọ Yorùbá kì í ṣe pé ó gbà, ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹ ni, ó lè máa dá ẹ lóhùn "yes mà" kó má gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tó o sọ.

Ẹ̀gbọ́n kan lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún mi pé mò ń lé wọn sá, pé tó o bá kọ́kọ́ to gbogbo ìyẹn sílẹ̀ ta ló máa sọ òótọ́ fún ẹ? Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò burú. Ọmọkùnrin kan gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "ó dáa mà, ẹ jẹ́ ká kúkú sọ̀rọ̀ CGPA." CGPA, ìyẹn àpapọ̀ èsì ìdánwò ẹ̀, náà la sọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló padà wá, ó jókòó, ó ní "mà, ẹ rántí èyí àkọ́kọ́ nínú àwọn nǹkan tẹ́ ẹ ní ẹ ò lè gbé mì yẹn?" Ó mọ ibi tóun ń lọ, kò sẹ́ni tó tàn án débẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ "tó o bá fẹ́ ṣe ẹlòmíì léṣe" yẹn ti wá, láti Amẹ́ríkà ni, ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ni. Ní 1969, ní yunifásítì California tó wà ní Berkeley, Prosenjit Poddar sọ fún onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó ń rí ní ilé ìwòsàn ilé ìwé pé òun máa pa ọmọbìnrin kan. Ọkùnrin yẹn ò dákẹ́ o, ó sọ fáwọn ọlọ́pàá ọgbà, wọ́n mú un, wọ́n bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ní ojú ẹ̀ walẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ló gbọ́ tán àfi Tatiana Tarasoff tó ni ẹ̀mí. October ọdún yẹn ló pa á. Àwọn òbí ẹ̀ gbé ilé ìwé lọ sí kọ́ọ̀tù, ní 1976 ni kọ́ọ̀tù tó ga jù ní California wá sọ pé níbi tí ewu bá ti kan ẹlòmíì, ibẹ̀ ni àṣírí dópin sí, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe láti dáàbò bo ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe léṣe. Òfin wọn kì í ṣe òfin wa, àmọ́ nínú kíláàsì wa níbí ẹjọ́ yẹn ni wọ́n fi kọ́ wa.

Tiwa tún le lọ́nà mìíì. Ní January 2023 ni ààrẹ buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, inú wa dùn, àmọ́ abala 327 inú Criminal Code, ìwé òfin tí òyìnbó kọ sílẹ̀ fún wa látijọ́, ka ẹni tó gbìyànjú láti pa ara ẹ̀ sí ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ẹ wá ro ohun tó wà níwájú mi tí mo bá mú bírò láti kọ fáìlì. Ohun tí mò ń kọ ni ohun tí mo ṣe, ìdí tí mo fi ṣe é, àti ohun tí dókítà tó máa gbà á lọ́wọ́ mi nílò, ìtàn ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lọ́rùn mi, kì í ṣe lọ́wọ́ akọ̀wé. (Akọ̀wé yẹn! Ó pẹ́ kí n tó gbà á lẹ́nu ẹ̀ kó yéé béèrè "kí lo fẹ́ rí kánsẹ́lọ̀ fún?" lójú gbogbo èèyàn.)

Fọ́ọ̀mù mìíì tá a ń lò ni PHQ-9, òun la fi ń wo bí ìrẹ̀wẹ̀sì ṣe pọ̀ tó lára èèyàn, ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, 0 dé 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ 27. A ò kàn ń mú un lò lásán, ní 2006 àwọn dókítà ọpọlọ gbé ìwádìí jáde pé ó ṣiṣẹ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa. Ìbéèrè kẹsàn-án ló ń bi ẹ́ bóyá o ti ń rò ó pé ó sàn kó o kú. Ọmọ á kọ 0 síbẹ̀, á gbé bírò sílẹ̀, á wá mí kanlẹ̀, "mà, ikú yá ju ẹ̀sín." Ìyá aláta ń sọ ọ́ lọ́jà, òwe ni. Àmọ́ ọmọ final year tó ní carry-over mẹ́rin, tí màmá ẹ̀ ti rán aṣọ tó máa wọ̀ wá sí convocation, tí irú ẹ̀ bá sọ ọ́, mi ò gbọ́dọ̀ gbà á lówe. Màá dá a dúró, "Ìwọ alára ńkọ́? Ṣó o ti ń rò ó láti kú?" Tààrà bẹ́ẹ̀. Béèyàn bá béèrè, ìyẹn ò ní gbin ọ̀rọ̀ náà sí ọmọ náà lọ́kàn, ara á tiẹ̀ tù ú ni pé ẹnì kan lè sọ ọ́ jáde.

Ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ ní sọ pé inú àwọn bà jẹ́. Orí mi ń gbóná mà, àyà mi ń já, ìwé ò wọlé, mo bá ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀, ní 1960 ni dókítà Raymond Prince kọ̀wé nípa ẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, brain fag, ìyẹn kí ọpọlọ rẹ èèyàn, lorúkọ tó gbajúmọ̀ fún un.

Ti òbí ńkọ́? Bàbá kan wọkọ̀ láti Iléṣà wá bá mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo gbọ́ pé ọmọ mi ń wá síbí."

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ jókòó sà. Mi ò lè sọ fún yín bóyá ẹnì kan wá tàbí kò wá sà."

"Ọmọ tèmi? Tí mò ń san owó ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Àmọ́ ẹ lè sọ ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn fún mi, èmi ni mi ò ní lè sọ nǹkan kan padà."

Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Mo rò pé ó máa bínú dìde. Ogún ìṣẹ́jú ló fi sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ló ń bà á, ọmọ ò gbé fóònù òun mọ́. Ẹ má rò pé ó rọrùn fún mi, bàbá tó tó bàbá mi jókòó síwájú mi, mo ní mi ò lè sọ. Tọ́mọ náà ò bá sì tíì pé 18 ńkọ́, bó ṣe pọ̀ ní 100 level, ọmọ 16, ọmọ 17? Ó ń dá gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ń se oúnjẹ ara ẹ̀, àmọ́ lójú Child's Rights Act 2003 ọmọdé ni. Irú wọn, mo máa ń sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé àwọn nǹkan kan lè wà tó máa dé etí ilé, pé a jọ máa jókòó sọ ọ́ ni.

Èyí tí ìgbìmọ̀ ìbáwí rán wá, ó máa ń wọlé pé "wọ́n ní kí n wá gba sign." Màá sọ fún un pé màá kọ̀wé pé ó wá, ó tán.

Ohun tí ò sí nínú ìwé ìkọ́ni kankan tí mo kà ni ìkíni tiwa níbí. Wọ́n ní tó o bá rí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ níta má kọ́kọ́ kí i, kó lè fúnra ẹ̀ yàn bóyá òun máa kí ẹ. Ní Ifẹ̀ ńbí? Tó bá kọjá lára mi láìkí mi, ẹni tí mo bá dúró pẹ̀lú á ní ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Tó bá sì ní "ẹ kú ọjọ́ sí mà", wọ́n á béèrè ibi tó ti mọ̀ mí. Torí náà ó wà nínú intake mi báyìí, a máa ń fẹnu kò lórí bá a ṣe máa kí ara wa.

Lọ́jọ́ Sátidé mo wà ní Ọjà Tuntun, mò ń ná tàtàsé, ọmọ CGPA yẹn yọ, ó ru àpò gààrí tẹ̀ lé màmá ẹ̀. Ó sọ àpò kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún ìyá aláta, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún èmi náà. "Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá."

Màmá ẹ̀ wò mí. "Ṣó o mọ̀ wọ́n ni?"

"Rárá, màámi. Mo kàn kí wọn ni."

Mo ní ó ṣeun ọmọ mi, mo yíjú padà sí ìyá aláta, mo ní ṣé ẹ ò ní fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sílẹ̀ níbẹ̀.