Kí ló gbé ọ wá, kí lo fẹ́ gbé lọ?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá alẹ́

Àwọn ọmọ ti sùn. Iná wà, mo sì ti fi fóònù àti kọ̀ǹpútà sí ṣáàjì kí wọ́n tó mú un lọ. Ó rẹ̀ mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí n tó sùn.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa dátábéèsì, ìyẹn àkójọ ìsọfúnni inú kọ̀ǹpútà, ní kíláàsì máṣítà tí à ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé, kò ṣí ìwé kankan lónìí. Ó pín pépà funfun kọ̀ọ̀kan fún wa, ó wá kọ ìbéèrè méjì sójú pátákó: Kí ló gbé ọ wá? Kí lo fẹ́ gbé lọ? Ó ní ká má kọ orúkọ sí i. Ó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí ẹni tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ti bímọ, fi ń jí láàárọ̀ Sátidé láti wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí òun lè mọ bí òun ṣe máa kọ́ ọ.

Àwa 21 la wà nínú kíláàsì náà. Fún ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí ẹni tó bá wù sọ tirẹ̀ síta.

Bọ̀ọ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, “Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Owó ni.” Ó ní láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, owó oṣù òun wà bó ṣe wà, àmọ́ ohun tó ń rà ti dín kù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, fún iléeṣẹ́ òkè òkun láti inú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà, dọ́là ló ń gbà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń bọ́ ọmọ mẹ́ta kò jẹ̀bi pé ó mọ iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì.

Ọmọkùnrin tó kéré jù nínú wa sọ tiẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó parí àgùnbánirọ̀. Ó wà ní yunifásítì lọ́dún 2022 nígbà tí àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, oṣù 8 gbáko. Nínú oṣù wọ̀nyẹn ló fi fóònù kọ́ Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, torí kò ní kọ̀ǹpútà. Ó ní, “Ohun tí mo dá kọ́ ní ihò nínú, mi ò sì mọ ibi tí àwọn ihò náà wà. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.” Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn ìwé mi.

Àǹtí kan tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní girama ní ọmọ ọdún 14 kan bi òun léèrè bí ẹ̀rọ tó ń fèsì ọ̀rọ̀ ṣe mọ ohun tó ń sọ, òun ò sì rí èsì fún un. Ó ní ojú ti òun lọ́jọ́ náà.

Ẹnì kan sì wà tó fẹ́ kúrò nílùú, kò fi bò. Ìlú Ọba ló ń lọ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ibẹ̀ kò gbà kí ẹni tó bá wá ṣe máṣítà mú aya tàbí ọmọ dání mọ́, àfi tí máṣítà náà bá jẹ́ ti ìwádìí. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, kò lè fi wọ́n sílẹ̀. Ló bá ní kí òun gba ìwé ẹ̀rí níbí ná, torí Kánádà máa ń fi máàkì kún ti ẹni tó bá ní máṣítà.

Mo ti gbọ́ táwọn èèyàn ń bú irú wọn, pé wọn ò nífẹ̀ẹ́ ìmọ̀, pé bébà ni wọ́n ń wá. Ó máa ń dùn mí. Ọkùnrin yìí kan náà ló jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ń wá àṣìṣe kan ṣoṣo nínú kóòdù tí kì í ṣe tiẹ̀. Tèmi ni. Ìrìn àjò ló gbé e wá lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ náà ti gbà á lọ́kàn, ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ nígbà tó rí àṣìṣe náà á mọ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo ní nítorí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ni. Irọ́ kọ́. Mo fẹ́ ìgbéga, mo sì ti tó ẹni tí wọ́n ń gbé ga. Àmọ́ òótọ́ náà kò pé, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti jókòó padà.

Ọdún 12 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá káàdì ní ọsibítù ìjọba kan. Pákó la fi ṣe àwọn sẹ́ẹ̀fù wa, láti ilẹ̀ dé àjà. Fáìlì aláwọ̀ ewé ni ti àgbàlagbà, ti aboyún pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí òjò bá ṣú, a ó tètè kó ti ìsàlẹ̀ sókè. Òórùn yàrá náà ò kúrò nímú mi: eruku, gọ́ọ̀mù, àti káńfọ̀ tí a fi ń lé aáyán.

Lọ́dún 2019, ìyá àgbà kan wá. Wọ́n ní àwọn ti gba káàdì níbẹ̀ rí, àmọ́ páálí kékeré tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ ti sọ nù. Mo bi wọ́n lórúkọ, wọ́n ní Ìyá Súlè. Mo ní, “Mà, orúkọ tí ẹ fi gba káàdì ńkọ́?” Wọ́n ní Ràfíátù. Mo bi wọ́n ní orúkọ ìdílé, wọ́n dárúkọ ọkọ. (Orúkọ wọn gan-an kọ́ ni mo kọ síbí, àmọ́ bó ṣe lọ nìyẹn.) Mo wá a lábẹ́ orúkọ náà, mi ò rí i. Èrò ti tò lẹ́yìn wọn, ọmọ kan ń ké, ẹnì kan ń pè mí láti inú lọ́hùn-ún. Mo ṣí fáìlì tuntun fún wọn.

Fáìlì tuntun ò mọ nǹkan kan nípa èèyàn. Wọ́n fún ìyá lóògùn, kí ilẹ̀ tó ṣú, ètè àti ojú wọn ti wú, mímí ti ń di iṣẹ́ fún wọn. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló tètè rí i, orí sì bá wọn ṣe é. Ní ọjọ́ kẹta ni mo rí fáìlì àtijọ́, lábẹ́ orúkọ Àdùkẹ́ pẹ̀lú orúkọ bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Wọ́n ti fi bíìrò pupa kọ ọ́ síwájú rẹ̀ gàdàgbà pé ara ìyá yìí kò gba oògùn náà.

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín sẹ́ẹ̀fù méjì, mo gbé fáìlì méjèèjì lé itan. Ara kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Lójú yàrá káàdì wa, àjèjì méjì ni wọ́n.

Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Mi ò lè sọ ọ́ nínú kíláàsì torí mo mọ̀ pé ohùn mi á gbọ̀n.

Ẹ sì wo ohun tí à ń bá yí. Yorùbá kan ṣoṣo lè ní orúkọ àmútọ̀runwá, kó ní àbísọ, kó ní oríkì, kó tún ní ti mọ́ṣáláṣí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá relé ọkọ, orúkọ ìdílé yí padà. Tó bá bímọ, orúkọ ọmọ di tiẹ̀ ládùúgbò. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá bọ́ sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà ló máa sọ. Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ẹni tí kò bá mọ tiẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní la máa ń kọ fún un. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ púpọ̀ nínú wọn.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn la kọ́ nípa Soundex, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń wá orúkọ tó bá dún jọ ara wọn. Robert Russell ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1918, wọ́n sì lò ó lẹ́yìn náà láti fi to káàdì ìkànìyàn ilẹ̀ wọn. Bí mo ṣe gbọ́ káàdì báyìí, mo dìde jókòó dáadáa. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ á dúró, àwọn fáwẹ̀lì á yọ, W àti Y á yọ, kọ́ńsónáǹtì tó bá jọra á gba nọ́ńbà kan náà (3 ni ti D), òdo á sì dí àyè tó bá ṣẹ́kù. Mo délé, mo fi orúkọ àwọn èèyàn wa dán an wò. Adéoyè: A300. Adéwùyì: A300. Adéyẹyè: A300. Ìdílé mẹ́ta tí kò tan mọ́ra, ó sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Kì í ṣe pé ọgbọ́n náà burú. Èdè tí kọ́ńsónáǹtì ti ń gbé ẹrù ọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Tiwa, fáwẹ̀lì àti ohùn ló ń gbé e, àwọn gan-an ló sì kọ́kọ́ dà nù.

Lónìí, lẹ́yìn kíláàsì, ọmọkùnrin tó kọ́ Python lórí fóònù bá mi jókòó. Mo tẹ Àdùkẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, òun tẹ Àdùkẹ́ lórí fóònù rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi. A gbé méjèèjì sílẹ̀, a ní kí ẹ̀rọ sọ bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó kọ False, ìyẹn ni pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, mo wò ó, mo tún wò ó. Àmì tó wà lórí kan ló wà lórí èkejì. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Nínú Unicode, ètò tí wọ́n fi fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é ní tirẹ̀, àmọ́ ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo; a ní láti tò ó pọ̀ ni. Bátìnì ìtẹ̀wé ẹnì kan á kọ́kọ́ gbé ẹ kalẹ̀ kó tó fi ohùn lé e, ti ẹlòmíì á gbé é kalẹ̀ kó tó fi àmì abẹ́ sí i. Ojú wa kò lè rí ìyàtọ̀ náà, òǹkà ni ẹ̀rọ sì ń wò. Ìlà kóòdù kan péré, tó ń to àwọn àmì náà sí ètò kan, ló fi tún un ṣe. A bi ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i. True: ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mo pariwo. Ó ní, “Àǹtí, ẹ rọra.” Àmọ́ fáìlì méjì tó wà lórí itan mi lọ́jọ́sí ni mò ń rò.

Olùkọ́ wa ti sọ fún wa rí pé ọdún 1963 ni IBM, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti Amẹ́ríkà, dá ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Káàdì oníhò ni wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ó ti lé ní 60 ọdún. Níbi tí kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ọwọ́ lásán ni mo fi ń tú páálí.

Ìbéèrè kejì ni mi ò lè dáhùn nínú kíláàsì. Nígbà tí mo wọlé, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ gbé lọ: mo fẹ́ kọ ètò kọ̀ǹpútà tó máa pa fáìlì gbogbo ọsibítù mọ́, láti yàrá káàdì dé ilé oògùn. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àkànṣe máṣítà mi ka ojú ìwé méjì tí mo kọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ìyá Tèmí, irú ètò yìí ti wà. Ẹ mú ohun kan tí ọwọ́ yín lè tó.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. OpenMRS, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń tọ́jú fáìlì aláìsàn, ti wà láti ọdún 2004, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń lò ó ní Nàìjíríà níbí fún ìtọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV. Síbẹ̀, mo sunkún díẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, torí ó dà bí ẹni pé wọ́n gé mi kúrú.

Ní ìrọ̀lẹ́ òní ló yé mi. Ètò ńlá wà, àmọ́ tí Ìyá Súlè bá dé iwájú rẹ̀ láìní nọ́ńbà lọ́wọ́, fáìlì tuntun náà ni wọ́n máa ṣí fún wọn. Ibẹ̀ ni àyè mi wà.

Mo ti ń rò ó láti ọ̀nà pé nínú gbogbo orúkọ ìyá yẹn, oríkì nìkan ni kò yí padà. Ọkọ kò yí i, ẹ̀sìn kò yí i. Òun ni ìyá wọn fi pè wọ́n ní kékeré, òun ló sì wà lójú fáìlì tí a ò rí. Oríṣi oríkì kò pọ̀ bí orúkọ àbísọ, àwọn tó ń jẹ́ Àdùkẹ́ pọ̀, àwọn tó ń jẹ́ Àjọkẹ́ pọ̀, kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n tí a bá so ó mọ́ orúkọ ìyá àti ìlú tí èèyàn ti wá, ó lè sún fáìlì méjì súnmọ́ra tó kí ẹni tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà fura. (Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí kò mọ oríkì wọn ń kọ mí lóminú. Mo jí Tèmí díẹ̀ nígbà tí mo wọlé, mo bi í ní tiẹ̀. Ó fojú oorun sọ pé, “Àṣàkẹ́,” ó sùn padà.)

Mi ò ní kó orúkọ aláìsàn kankan jáde. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 wà, ká tiẹ̀ ní kò sí, mi ò ní ṣe é. Orúkọ àtinúdá ni màá fi ṣe ìdánwò, 200 fún ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń gbà sọ orúkọ lójú fèrèsé wa. Ta ló mọ̀ ọ́n tó mi?

Ọ̀gá mi ti gbà kí n fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù wa. Láti ọjọ́ Ajé, tí ìyá kan bá ti dé ojú fèrèsé, tó sì ti sọ orúkọ tán, màá tún bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni oríkì yín?”